Àwọn Tó Kọ Porgy and Bess Sínú Àwo

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré olórin Porgy and Bess fún àwọn ará New York, ní gbọ̀ngàn Alvin Theatre. George Gershwin ló ṣe orin rẹ̀. DuBose Heyward, ọmọ bíbí Charleston ní South Carolina, ló ni ìwé ìtàn tí wọ́n ti mú un jáde. Todd Duncan, olùkọ́ orin ní Yunifásítì Howard, ni Porgy, arọ alágbe tó ń jókòó sínú ọmọlanke tí ewúrẹ́ ń fà. Anne Brown, ọ̀dọ́bìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Juilliard, ni Bess. Kí oṣù náà tó parí, iléeṣẹ́ RCA Victor ti ṣètò láti gba àwọn orin eré náà sínú àwo. Gershwin fúnra rẹ̀ bójú tó iṣẹ́ náà. Alexander Smallens, tó ń darí eré náà ní gbọ̀ngàn, ló darí ti sítúdíò pẹ̀lú. Àmọ́ wọn ò pe Duncan, wọn ò sì pe Brown. Lawrence Tibbett àti Helen Jepson ni wọ́n pè, òyìnbó méjì tí wọ́n lórúkọ ní Metropolitan Opera.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Olóko gbin iṣu, ó wà á, ó sè é, ó gún un. Wọ́n wá bu iyán náà fún ẹlòmíì.

N kò ní bu Tibbett kù. Ohùn ọkùnrin náà kún, ó sì rinlẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà èwe mi mọ iṣẹ́ tó wà nídìí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀: ó ń sín àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ ni. Òun ló kọ orin Porgy, òun náà ló kọ ti Sportin' Life, oníjìbìtì tó ń ta oògùn olóró. Jepson kọ ti Bess, ó kọ “Summertime” tí Clara fi ń rẹ ọmọ rẹ̀, ó tún kọ arò tí Serena sun nígbà tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀. Àwo ìgbà náà ò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ lójú kan, nítorí náà, orin tó gbajúmọ̀ nìkan ni wọ́n ṣà. Ẹni tí kò rí eré náà rí ò lè mọ̀ láti inú àwo yẹn pé odidi àdúgbò ni Catfish Row, níbi tí ìtàn náà ti wáyé, pé èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, tí kálukú sì ní ohùn tirẹ̀.

Duncan àti Brown kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ kó dákẹ́. Nígbà tí eré náà ń lọ sí Washington ní oṣù Kẹta ọdún 1936, National Theatre kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó wòran. Àwọn méjèèjì fárí gá pé àwọn ò ní kọrin níbi tí àwọn èèyàn àwọn ò ti lè jókòó. Àwọn alákòóso gbọ̀ngàn náà gbé àdéhùn oríṣiríṣi wá, wọn ò gbà, àfi ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì jókòó síbi tó wù ú. Bí eré náà ṣe kúrò nílùú ni gbọ̀ngàn náà padà sí àṣà rẹ̀ àtijọ́.

Gershwin kú ní oṣù Keje ọdún 1937, ọmọ ọdún 38. Ọdún 1940 ni iléeṣẹ́ Decca tó gba ohùn Duncan àti Brown sílẹ̀, pẹ̀lú Smallens, àti ẹgbẹ́ akọrin Eva Jessye tó wà nínú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwo yìí náà ò pé. Brown kọ ti Clara mọ́ ti Bess, Duncan sì kọ ti Sportin' Life. Síbẹ̀, ẹ gbé “Bess, You Is My Woman Now” ti ọdún 1935 síwájú, kí ẹ gbé ti 1940 tẹ̀ lé e. Porgy ló ń bẹ̀rẹ̀, Bess á dáhùn, wọ́n á wá jọ kọ ọ́ títí dópin. Tibbett ń kọ ọ́ fún gbọ̀ngàn ńlá. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á gbọ́ ọ. Duncan kò pariwo. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ ju ti Tibbett lọ, ó ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yanjú, obìnrin kan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Brown gbà á, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá gòkè, débi tí ẹ̀rù Bess fi hàn nínú ayọ̀ rẹ̀. Gbogbo àwo tí mo ti gbọ́ lẹ́yìn náà, kò sí èyí tó borí rẹ̀ nínú orin yìí.

Lọ́dún 1942, Cheryl Crawford dá eré náà padà sí Broadway. Ó gé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi orin sọ láàárín orin kan sí èkejì, ó ní kí wọ́n máa fẹnu lásán sọ ọ́. Eré náà wá pa owó wọlé, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di pé wọ́n ń kọ orin kan tẹ̀ lé òmíràn lásán. Ìgbà tí àwo gígùn dé ni Goddard Lieberson ti iléeṣẹ́ Columbia fi àwo mẹ́ta gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1951. Lawrence Winters àti Camilla Williams ni Porgy àti Bess níbẹ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn àwo yìí ni pé wọ́n pe Warren Coleman àti Edward Matthews padà, àwọn tó ṣe Crown, oníjàgídíjàgan tí Bess kọ́kọ́ ń bá gbé, àti Jake, ọkọ Clara, ní 1935. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Crown bí Gershwin ṣe gbọ́ ọ, ibẹ̀ ló wà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, rédíò gba eré náà sílẹ̀ ní Berlin, níṣojú àwọn òǹwòran. Leontyne Price ni Bess, William Warfield ọkọ rẹ̀ ni Porgy, Cab Calloway sì ni Sportin' Life. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwo rẹ̀ tó jáde. Price ṣì kéré nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ ń jáde bí ẹni pé kì í mí.

Fíìmù tí Otto Preminger ṣe ní 1959, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Sidney Poitier àti Dorothy Dandridge là ń rí, Robert McFerrin àti Adele Addison là ń gbọ́. Olórin gidi làwọn méjèèjì. McFerrin ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọ ipa eré ní Metropolitan Opera, ní 1955. Ọ̀pọ̀ tó wo fíìmù náà ò sì mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ni àwọn ń gbọ́.

Ogójì ọdún gbáko kọjá kí ẹnikẹ́ni tó gba gbogbo ohun tí Gershwin kọ sílẹ̀ láìgé e. Lorin Maazel ló darí rẹ̀ ní Cleveland lọ́dún 1975, fún Decca. Willard White, ọmọ Jamaica, ni Porgy. Leona Mitchell ni Bess. Lọ́dún kejì ni Houston Grand Opera gbé tiwọn wọ sítúdíò, tí John DeMain darí, pẹ̀lú Donnie Ray Albert àti Clamma Dale. Àwọn kan á sọ pé ti Maazel ló dáa jù. Ọkẹ́sítírà rẹ̀ mọ́ féfé lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí mi ń sọ fún mi pé iwájú máíkì ni àwọn olórin dúró sí. Àwọn ará Houston ti ṣe é lórí ìtàgé fún àwọn òǹwòran. Ẹnìkan á já lu ẹnìkejì, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, èèmí á gùn, ìjà á sì dà bí ìjà.

White padà sídìí Porgy ní 1988, nínú àwo tí Simon Rattle darí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe eré náà ní Glyndebourne lọ́dún 1986. Ẹ fi òun wé ara rẹ̀. Ohùn ti 1975 lẹ́wà, kò ní àbàwọ́n. Ohùn ti 1988 ti wúwo sí i, kò sì bìkítà mọ́ bóyá ó lẹ́wà tàbí kò lẹ́wà. Ní ìparí, nígbà tó ń wá Bess kiri tí kò rí i, ìdààmú ọkùnrin náà wọ̀ mí lára. Bó bá jẹ́ odidi eré ni ẹ fẹ́ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí ni kí ẹ mú.

Ibì kan wà tí mo ti máa ń dán gbogbo wọn wò: ìràn ìjì líle, níbi tí èèyàn mẹ́fà ti ń gba àdúrà mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Heyward kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú kan nítòsí Hendersonville, ní North Carolina, ni òun àti Gershwin ti gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀, tí Gershwin sì di òun lápá mú. Nínú àwo Maazel, ẹ lè ka ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níkọ̀ọ̀kan. Nínú ti Rattle, wọ́n wọnú ara wọn, ẹ̀rù ìjì náà sì ń bà wọ́n. Ẹni tó bá ti wà níbi tí ìjọ ti ń gbàdúrà pọ̀, tí kálukú ń ké pe Olúwa lórí ọ̀ràn tirẹ̀, á mọ èyí tó jọ òótọ́.

Àwọn Gullah, àwọn aláwọ̀ dúdú etíkun South Carolina tí ìtàn náà dá lé lórí, ń kọ́? Gershwin lọ bá wọn ní ẹkùn Charleston nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1934, ó bá wọn pàtẹ́wọ́, ó bá wọn fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1932 àti 1933, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, Lorenzo Dow Turner, ti gbé ẹ̀rọ lọ sí àwọn erékùṣù wọn, ó gba ọ̀rọ̀, orin àti àdúrà wọn sílẹ̀. Ìwé tó tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1949 kún fún orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà, ti Yorùbá sì wà nínú wọn. Duncan, Kentucky ni wọ́n bí i sí. Brown, ọmọ Baltimore ni. Price wá láti Mississippi. Ìpèdè Gullah bí Heyward ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi kọrin. Ohùn tí Turner gbà sílẹ̀ kò jọ ti ẹyọ ẹnìkan nínú wọn.