Àgbẹ̀ Ìgbèríko Ìlọrin àti Ìdílé Rẹ̀



Nígbà tí a bá ń ka ìtàn Ìlọrin, orúkọ àwọn ọba àti àwọn balógun ni a máa ń bá pàdé. A gbọ́ ti Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹni tí ó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin, tí àwọn Jàmâ tí òun tìkára rẹ̀ kó jọ sì pa á ní nǹkan bí ọdún 1824. A gbọ́ ti Abdulsalami, ọmọ Àlùfáà Álímì, tí í ṣe Ẹmía kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbin iṣu tí àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyí jẹ? Ta ni ó ro oko ọkà bàbà wọn? Ẹni náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ li òní, àti aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ènìyàn fi ń di ẹni tí ń roko fún ẹlòmíràn li ayé àtijọ́. Èkíní ni ìwọ̀fà. Òmìnira ni ìwọ̀fà, olówó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tà á. Àìsàn, ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó a mú kí bàbá yá owó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ a sì di èlé orí owó náà. Bí ó tilẹ̀ ro oko olówó fún ogún ọdún, ẹyọ kan kò dín nínú gbèsè. Àfi kí ó kó gbogbo owó náà sílẹ̀ kí ó tó lọ. Bí òun kò bá lè lọ fún ara rẹ̀, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Báyìí ni gbèsè bàbá ṣe ń di ẹrù li èjìká ọmọ.

Èkejì ni ẹrú, ẹni tí ogun kó. Àwọn ìjòyè Ìlọrin a máa tẹ àwọn ẹni tí a kó lógun dó sí abúlé yí ìlú ká, kí wọn lè máa roko fún ilé wọn. Li òwúrọ̀, oko olúwa rẹ̀ ni ẹrú ń ro. Nígbà tí oòrùn bá yẹ̀, a lè jẹ́ kí ó ro ilẹ̀ kékeré tirẹ̀ kí ó lè bọ́ aya àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀ tán, nítorí olúwa ìyá ni ó ni ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí. Bí ogun ṣe ń tú ìdílé ká kò ṣe àjèjì sí wa. Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó ní Òṣogùn li ọdún 1821 nínú rúkèrúdò ìgbà náà, kò tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ títí di ọdún 1846 ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò tilẹ̀ pàdé mọ́ láé.

Li oṣù Èrèlé ọdún 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin, agbára àwọn olówó ẹrú sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Àwọn kan sá padà sí ìlú bàbá wọn. Àwọn mìíràn dúró, nítorí pé kò sí ilé tí wọn lè padà sí mọ́. Òfin Ìjọba Àríwá sọ pé ọmọ tí a bá bí láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe ọdún 1901 di òmìnira. Síbẹ̀síbẹ̀, òfin kò sọ gbogbo ènìyàn di òmìnira pátápátá títí di ọdún 1936. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú ahéré kan náà, ọmọ ìkẹyìn lè jẹ́ òmìnira nígbà tí ìyá rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a bí li ọdún 1899, kò tíì rí bẹ́ẹ̀ lójú òfin.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ àwọn ará ìlú ni ilẹ̀ wà síbẹ̀. Ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú di àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì kan Ẹmía, bàbá kékeré tí ń gbé inú ìlú ni yóò bá a gbé e lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin li ọdún 1908, ọ̀nà ṣí fún irè oko láti lọ sí ìhà gúúsù. Àwọn obìnrin a bó iṣu, wọn a bọ̀ ọ́ lórí iná, wọn a sá a lórí àpáta títí yóò fi gbẹ di èlùbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ aya pẹ̀lú ni ó gbé ilé àgbẹ̀ ró.

Kí a má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmìnira ni alágbàṣe oko lójú òfin, ṣùgbọ́n kò ní ilẹ̀. Ní abúlé Tolpuddle, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wọn wálẹ̀ láti ṣílè mẹ́sàn-án sí méje, a sì ń halẹ̀ láti sọ ọ́ di mẹ́fà. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà búra láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. George Loveless, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, ni aṣáájú wọn. Li ọdún 1834 a rán wọn lọ sí ìgbèkùn li òkè òkun, aya àti ọmọ wọn sì kù sílé. Igbe àwọn ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi dárí jì wọn li ọdún 1836. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìdájọ́ náà, li ọdún 1884, ni òfin tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin alágbàṣe oko li ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Ní Ìlọrin pẹ̀lú, láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn àgbẹ̀ wà nínú àwọn tí ó gbárùkù ti ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìnilára dùn wọ́n. Li ọdún 1978, òfin àpapọ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí. Òmìnira tí kò ní ilẹ̀ nínú, ààbọ̀ òmìnira ni. Èkejì kàn wá nínú ilé wa: títí di òní, àwọn kan ń fi ìran bú ọmọnìkejì wọn, pàápàá nígbà tí a bá ń wádìí ìdílé fún ìgbéyàwó. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ẹni tí a ń fi bú ni ó bọ́ ìlú. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà ilé wa léèrè orúkọ àwọn tí ó roko náà, kí a kọ wọ́n sílẹ̀, kí a sì bọlá fún wọn.