Bí a ṣe ń fi fóònù kọ èdè Ṣáínà

Ẹni tó bá ń gbé Àjàṣẹ́ wa yìí, ìyẹn Porto-Novo, mọ̀ pé ọjà Ṣáínà ti kún ìta: aṣọ, bàtà, alùpùpù, títí dé orí fóònù tó wà lọ́wọ́ wa. Àwọn oníṣòwò kan ń bá àwọn tó ń tajà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀ lórí WeChat. Àwọn ọ̀dọ́ náà sì ń kọ́ èdè ọ̀hún. Láti ọdún 2009 ni Institut Confucius ti wà ní yunifásítì Abomey-Calavi. Ṣùgbọ́n èdè tí kò ní a, b, d, báwo ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù?

Kí ni Pinyin?

Àmì ni wọ́n fi ń kọ èdè Ṣáínà. Àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan tàbí apá kan nínú ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1988, ìjọba wọn kó àwọn àmì tí wọ́n ń lò jù jọ sínú ìwé kan, 3500 ni wọ́n. Ta ló máa rí fóònù tó ní 3500 bọ́tìnì?

Pinyin ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Oṣù kejì ọdún 1958 ni àwọn aṣòfin Ṣáínà fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tí àwa náà ń lò ni wọ́n fi ń kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún. Zhou Youguang wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ yìí. Ẹni ọdún 111 ni kó tó kú lọ́dún 2017.

Bí ẹ ṣe máa fi sórí fóònù

Lórí Android tó ní Gboard, ẹ ṣí Paramètres, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ clavier sí, ẹ yan Gboard, ẹ tẹ Langues, kí ẹ sì tẹ Ajouter un clavier. Ẹ yan Chinois (simplifié), lẹ́yìn náà Pinyin. Lórí iPhone, ẹ gba Réglages, Général, Clavier, Claviers, Ajouter un clavier. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn. «Simplifié» ni wọ́n ń kọ ní Ṣáínà. «Traditionnel» ni ti Taiwan àti Hong Kong.

Ẹ ṣọ́ra o: fóònù wa tó ń sọ Faransé, AZERTY ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ti Pinyin, QWERTY ni. A àti Q á pààrọ̀ àyè, Z àti W náà bẹ́ẹ̀, M á sì bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́

Ẹ tẹ nihao. Àwọn àmì á yọ lókè àwọn lẹ́tà náà. Ẹ fọwọ́ kan 你好, ó parí: ẹ ti kí èèyàn nìyẹn. Ẹ ò ní láti fi àmì ohùn sí i. Tí ọ̀rọ̀ bá ní ü, v ni kí ẹ tẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹ tẹ nv kí ẹ tó rí 女, ìyẹn obìnrin.

Ibi tí ewu wà

Àwa Yorùbá mọ̀ pé ohùn ló ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ohùn mẹ́ta la ní, mẹ́rin ni tiwọn. Nígbà tí ẹ ò sì tẹ ohùn, fóònù ò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ̀yin lẹ máa yàn.

Ẹ wo mai. 买 ni «rà», ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ kó tó gòkè. 卖 ni «tà», ohùn rẹ̀ á já láti òkè wá sílẹ̀. Lẹ́tà kan náà lẹ máa tẹ̀ fún méjèèjì! Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ fẹ́ rajà, 我要买. Tí ẹ bá ṣèèṣì yan 我要卖, ẹ ti sọ pé ẹ fẹ́ tajà. Ohun tí ẹ máa fi dá wọn mọ̀ ni pé «tà» ní àmì bí àgbélébùú lórí, «rà» kò ní.

Torí náà, kí ẹ tó fi ìsọfúnni ránṣẹ́, ẹ dà á kọ sínú ohun ìtumọ̀ orí fóònù, kí ẹ wo ohun tó máa sọ ní Faransé. Iye ọjà àti iye owó, ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́: 4, 10, 200. «Mẹ́rin» ń jẹ́ si, «mẹ́wàá» ń jẹ́ shi. Wọ́n jọra létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ka 4 sí 10. Ẹ fi fọ́tò ọjà tì í.

Tí ẹ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pe àmì kan

Bóyá ara páálí ọjà lẹ ti rí i. Nínú àwọn clavier Chinois, ẹ yan èyí tí wọ́n pè ní Écriture manuscrite tàbí Manuscrit, kí ẹ fi ìka ya àmì náà bí ẹ ṣe rí i. Fóònù á gbé àwọn tó jọ ọ́ wá, ẹ̀yin á yan èyí tó bá ti páálí mu. Ẹ tún lè ya fọ́tò rẹ̀, kí ohun ìtumọ̀ kà á fún yín. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n pè dáadáa lè tẹ gbohùngbohùn kó sọ̀rọ̀ sí i. Níbẹ̀, ohùn yín wúlò gan-an, torí ó wà lára ohun tí fóònù máa fi mọ̀ bóyá rírà lẹ fẹ́ rà, tàbí títà.