Ìlò Ìṣirò Nínú Ìpinnu Ilé àti ti Àwùjọ

Ìṣirò tí à ń sọ níhìn-ín ni iye tí a kó jọ nípa ènìyàn, ìlera, ẹ̀kọ́, ọjà tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀, tí a sì tò lẹ́sẹẹsẹ kí a lè fi ṣe ìpinnu. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àjọ NPC ni ó ń ka ènìyàn, tí ó sì ń forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Àjọ NBS ni ó ń gbé ìṣirò iye owó ọjà jáde lóṣooṣù.

Iye ènìyàn

Ní ọdún 1991, ènìyàn 88,992,220 ni a kà ní Nàìjíríà. Nígbà tí a tún ka ènìyàn ní oṣù Kẹta ọdún 2006, iye náà ti di 140,431,790. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2006 ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú iye yẹn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi iye ènìyàn ṣe ètò kọ́kọ́ bèèrè ọdún tí a kà á, àti bóyá kíkà ni tàbí ìfojúdá.

Ọ̀wọ́n ọjà

Bí a bá gbọ́ pé ìwọ̀n tí owó ọjà fi ń gòkè ti dínkù, èyí kò túmọ̀ sí pé ọjà ti wálẹ̀. Kí a sọ pé ọjà ₦1,000 fi ìdá 30 nínú 100 gòkè ní ọdún kan: ó di ₦1,300. Bí ó bá fi ìdá 25 gòkè ní ọdún kejì, ó di ₦1,625. Ìwọ̀n náà dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí yóò jáde lápò pọ̀ sí i. Kí òbí tí ń tọ́jú owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ fi èyí sọ́kàn.

Nínú mélòó?

Kí a tún sọ pé ibà ṣe ọmọ 40 ní ìlú kan, ó sì ṣe ọmọ 15 ní abúlé kan. Ẹni tí ó bá wo iye nìkan yóò kó gbogbo àpò ẹ̀fọn lọ sí ìlú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìlú bá jẹ́ 2,000, tí ọmọ abúlé sì jẹ́ 150, ọmọ 2 nínú 100 ni ibà mú ní ìlú, ọmọ 10 nínú 100 ni ó mú ní abúlé. Abúlé ni ewu ti pọ̀ jù.

Ojúṣe ará ìlú

Bí àwọn òbí abúlé náà kò bá gbé ọmọ wọn dé ilé ìwòsàn, ìwé yóò fi hàn pé àlàáfíà ni wọ́n wà, ìrànlọ́wọ́ yóò sì kọjá wọn. Àwọn àgbà sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún ìkànìyàn nítorí owó orí. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n lónìí, ọmọ tí a kò kà ni kì í rí àga jókòó ní kíláàsì, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tí ó bá wá kà yín.