Ìyàwó: ta gan-an ló jìyà Ìwó?

Àwọn àgbà ní ìyà àti Ìwó ló so pọ̀ di ìyàwó. Wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà lọ fẹ́ ọmọ ọba Ìwó, ojú ẹ̀ sì rí màbo kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Ìgbà tó délé tí wọ́n bi í pé ta nìyí, ó ní ìyà tí òun jẹ ní Ìwó nìyí. Onímọ̀ èdè lè fi ìtàn yìí rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ wo ẹni tó jẹ ìyà ọ̀hún: ẹni tó ń mú aya bọ̀ wálé ni.

Orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba Ìlú Ọba gbé ìyà lé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ọmọ onílùú tó bá fẹ́ fi físà mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ máa gba £29,000 lọ́dún, àfi tó bá ní owó ìfipamọ́ tó jọjú. £18,600 ni tẹ́lẹ̀, láti 2012. Owó oṣù tí ẹnì kejì ń gbà n'Íbàdàn ńkọ́? Bó ti wù kó pọ̀ tó, wọn kì í kà á.

Lágboolé wa, ẹni tó bá ìgbéyàwó wọlé là ń pè ní ìyàwó. Gbogbo ọmọ ilé tó bá níbẹ̀, títí kan ọmọdébìnrin tó ń rákòrò, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Ìbàdíàrán, Akọ́wé, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni yóò máa pè wọ́n. Onímọ̀ nípa àwùjọ, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, là á yé wa nínú ìwé tó gbé jáde ní 1997. Ní Kúbà pàápàá, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà, ìbáà ṣe ọkùnrin, iyawó ni wọ́n ń pè é, aṣọ funfun ni yóò sì máa wọ̀ fún odidi ọdún kan.

Ọkùnrin tó kúrò n'Íbàdàn lọ bá aya ẹ̀ ní Manchester, ìyàwó ni lójú ìjọba ibẹ̀. Oṣù 33 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, yóò tún lọ tọrọ 30 sí i; ó di ẹ̀yìn ọdún 5 kó tó lè béèrè ìwé ìgbélùú títí ayé. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ owó ìrànwọ́ ìjọba ni èèwọ̀ ilé. Bí ìgbéyàwó bá tú ká láàárín kan, wọ́n lè gba físà náà padà, àfi tó bá lè fi hàn pé ìyà ni wọ́n ń fi jẹ òun nínú ilé. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè béèrè ìwé ìgbélùú láìdúró de ọdún 5.