Ẹkún Ìyàwó àti Àwọn Ọmọge tí ń Gbè É ní Ilẹ̀ Ìbàràpá

Nínú ewì alohùn Yorùbá, ìjálá àti iwì egúngún ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́, ọkùnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn apohùn wọn. Ẹkún ìyàwó, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní rárà ìyàwó, jẹ́ ti obìnrin pátápátá. Kò nílò ìlù. Ohùn ẹnì kan ni ó ń dá a, ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń gbè é.

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri àwọn ìlú tí ń sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́, ìgbà tí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ ni àkókò rẹ̀. Yóò wọ aṣọ tí ó dára jù, yóò lé tìróò, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn ọmọdébìnrin yóò sì tẹ̀lé e láti ojúlé dé ojúlé àwọn ẹbí. Yóò kúnlẹ̀ níwájú baba, yóò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, yóò tọrọ ìwúre. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ìyá. Ó ń sọ nípa ìbẹ̀rù orogún àti ti ìyá ọkọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ, ó sì ń fọ́nnu pé òun pa ara òun mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ omijé nìkan sínú ìdánwò ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ níwájú àgbà ni gbogbo agbo ilé dákẹ́ fún ní ọjọ́ yẹn.

Kò sí olùkọ́ kan tí wọ́n yàn fún un. Àwọn tí ń bá ìyàwó kiri ni ó ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó gbè lónìí ni yóò dá a lọ́la. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, tí ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sálásí sì ń gbilẹ̀, ìrìn ojúlé-dé-ojúlé náà dínkù, àwọn tí ń gbè náà sì túká. Ní 1975, àpilẹ̀kọ Déjọ Fáníyì lórí ẹkún ìyàwó jáde nínú ìwé tí Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ifẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìwé kì í gbe orin.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn láti tọ́jú irú ogún bẹ́ẹ̀. Inú ìjọ baba rẹ̀ ní Georgia, tí kò ní dùùrù nígbà èwe rẹ̀, ni Bernice Johnson Reagon ti kọ́ orin. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1961 nítorí ìwọ́de ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ó sì kọrin ní àtìmọ́lé. Ní 1973 ó dá ẹgbẹ́ Sweet Honey in the Rock sílẹ̀ ní Washington: obìnrin nìkan, ohùn nìkan, àyàfi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2004, wọ́n sì ń bá a lọ. Ó di olóògbé ní 2024.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Orin Georgia kò so mọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ayé obìnrin. Ẹgbẹ́ lè jókòó kọ́ ọ nígbàkígbà. Ẹkún ìyàwó so mọ́ ọjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, tirẹ̀ parí. Àwọn ọmọge tí ó sìn ín wá ni ó ń mú orin náà padà sílé.