Ilé Ìmọ́lẹ̀ Ojú Òkun: Ìtàn Rẹ̀, Ìrísí Rẹ̀ àti Ohun Tí Ó So Ó Pọ̀ Mọ́ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní etí òkun. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù bá ta kòkó àti èkùrọ́ wọn tán, ojú òkun ni ẹrù náà ń gbà lọ sí òkè òkun. Bí ọkọ̀ bá rì sójú omi, ó lè kan àpò àgbẹ̀ tí kò fojú kan òkun rí. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún àwọn ará ìpínlẹ̀ wa.

Ohun tí ilé ìmọ́lẹ̀ jẹ́

Ilé ìmọ́lẹ̀ ni ilé gogoro tí a tan iná sí lórí, kí àwọn atukọ̀ lè rí i láti ọ̀nà jíjìn ní òru. Ó ń jẹ́ kí atukọ̀ mọ ibi tí ó dé, ó sì ń kìlọ̀ ewu fún un. Etí òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Àwọn díẹ̀ wà láàárín agbami, lórí àpáta tí omi ń bò mọ́lẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni ó sì ṣòro jù láti kọ́.

Èyí tí ó lókìkí nínú wọn ni ti Bell Rock, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 18 sí etí ilẹ̀ Scotland. Bí omi bá kún, àpáta náà a rì pátápátá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó sì ti fọ́ sí i lára. Ní ọdún 1807 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Robert Stevenson àti John Rennie ni ẹnjiníà rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wákàtí díẹ̀ tí omi bá fà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń rí lò lójúmọ́. Wọ́n gé àwọn òkúta náà kí wọ́n lè wọnú ara wọn bí ìka ọwọ́, kí ìgbì má baà yẹ̀ wọ́n nípò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1811 ni a kọ́kọ́ tan iná rẹ̀. Ilé náà, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 35, ṣì dúró títí di òní.

Ìrísí àti ìṣe rẹ̀

Gíga ni ohun àkọ́kọ́. Nítorí pé ilẹ̀ ayé rí róbótó, bí iná bá ṣe ga sí ni a ó ṣe rí i láti ọ̀nà jíjìn sí. Ìkejì ni ìṣẹ́jú iná: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń tàn tí ó sì ń kú, tàbí àwọ̀ tirẹ̀, kí atukọ̀ má baà ṣi ọ̀kan mú fún òmíràn. Ìkẹta ni jígí. Ní ọdún 1822, Augustin Fresnel ní ilẹ̀ Faransé gbé jígí onípele kan jáde tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Epo ni a ń sun tẹ́lẹ̀. Iná mànàmáná àti agbára oòrùn ni ó wọ́pọ̀ nísinsin yìí.

Ojú irin àti ẹnu omi Èkó

Ní ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún 1908, lẹ́yìn tí ó ti gba agbègbè Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù kọjá. Ẹrù wa bẹ̀rẹ̀ sí í dé Èkó kíákíá, ṣùgbọ́n iyanrìn abẹ́ omi dí ẹnu ọ̀nà òkun. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹrù Èkó ni a ń fi ọkọ̀ kéékèèké gbé lọ sí Forcados kí ọkọ̀ ńlá tó gbà á. Ní ọdún 1908 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri gígùn wọnú òkun, a sì ń wa iyanrìn jáde. Ní ọdún 1914, ọkọ̀ òkun ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Lóde òní, ilé ìmọ́lẹ̀ wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn ẹnu omi náà, lẹ́bàá Tarkwa Bay. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó èbúté, NPA, ni ó ń bójú tó àwọn àmì tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà wọ èbúté. Ẹ̀rọ tí ń fi ipò hàn láti òfuurufú ti wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lè bàjẹ́. Iná tí a fi ojú rí ni atukọ̀ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà kan náà ni ojú irin tí ó gba ìlú wa kọjá àti iná ẹnu omi Èkó. Ẹni tí ó bá jí irin tàbí wáyà àmì ojú irin ní agbègbè wa dà bí ẹni tí ó pa iná ilé ìmọ́lẹ̀ ní òru. Nítorí náà, a rọ gbogbo ará ìpínlẹ̀ yìí láti dáàbò bo ojú irin, kí ẹrù àti èmi wa lè gúnlẹ̀ láyọ̀.