Òṣùwọ̀n Ìmẹ̀sí-Ilé

Ìtàn ni mo gbé wá lónìí, ó gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́, arábìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta yìí náà ti gbẹ débi pé èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ ní àbíkú ni. Mo kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ní kí ìyá ọmọ bá wa gbà á. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú o! Lọ́jọ́ kejì, màmá kan nínú ìjọ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti bi ìyá ẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ yìí ń jẹ?"

N ò bi í. Ògì lásán ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Màmá ní kí ìyá ọmọ jẹun, ó bá a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, ó ń lọ sílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ sí oúnjẹ ọmọ. Ọmọ náà yè. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Mo bi màmá pé níbo ló ti kọ́ èyí. Ó ní, "Iléṣà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n wá ìdí ìtàn yìí.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan dé síbẹ̀, David Morley lorúkọ rẹ̀, ọmọ àlùfáà ni. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí i pé kéèyàn jókòó sílé ìwòsàn máa retí aláìsàn kò tó. Bí ọmọ kan bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ti lè bọ́ sórí. Ló bá gbé iṣẹ́ lọ bá àwọn èèyàn ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú àárín òkè tí ẹ máa ń gbọ́ nínú ìtàn ogun Kírìjì. Láti 1957, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìdàgbà àwọn ọmọ tí wọ́n bí nílùú náà, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni wọ́n rí? Èéyi, ibà, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru, àti àìjẹunrekánú. Ọmọ tí kò jẹun dáadáa, bí èéyi bá bá a, agbára kò sí lára rẹ̀ láti bá a jà.

Wọ́n dá klíníkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ń gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Bí ìlà bá dúró sójú kan, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, bí ojú ò tiẹ̀ tíì rí i. Wọn ò sì kó káàdì pa mọ́ sí ọ́fíìsì, ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi í sí. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù rèé. Àyè kan wà lórí káàdì náà fún àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì: àwọn ìbejì, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, àti ọmọ tí àwọn tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ ti kú. Ẹ wò ó! Ọmọ tí àwa ń pè ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, tí wọ́n máa ń kọ lára, tí wọ́n máa ń so ṣaworo mọ́ lẹ́sẹ̀, òun gan-an ni wọ́n ní kí wọ́n túbọ̀ máa ṣọ́.

Lẹ́yìn náà, dókítà mìíràn fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé ìlú kan nítòsí tí kò ní irú klíníkì yẹn. Nínú 1,000 ọmọ ọdún 1 sí 4, nǹkan bí 51 ló ń kú lọ́dún ní ìlú kejì. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nǹkan bí 18 ni. Káàdì náà sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Morley ti lọ sí ilé ní 2009, ṣùgbọ́n ìyá tó bá mú káàdì ọmọ lọ síbi àjẹsára lónìí ń jẹ nínú oko tí wọ́n ro ní Ìmẹ̀sí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, mo ti fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ẹ ka Máàkù orí 5 dé òpin. Jésù jí ọmọbìnrin Jáírù dìde. Kí ló sọ tẹ̀ lé e? Ó ní kí wọ́n fún un lóúnjẹ. Ẹni tó lè jí òkú kò fojú di oúnjẹ ọmọdé. Jákọ́bù náà sì kìlọ̀ fún wa ní orí 2: bí a bá kàn súre fún ẹni tí ebi ń pa, tá a ní kó máa lọ, kí ni àǹfààní rẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọmọ wá fún àdúrà lọ́dọ̀ wa, ẹ má bínú, màá béèrè nǹkan mẹ́ta. Kí ló ń jẹ? Káàdì rẹ̀ dà? Ta ló ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nílé? Lẹ́yìn náà la ó gbàdúrà, arábìnrin kan yóò sì bá yín délé.

Arábìnrin yẹn ni mò ń wá. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di dókítà. Ẹni tó lè gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, tó lè lọ ẹ̀wà, tó sì lè padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti tó. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ojoojúmọ́ ni, ó sì máa ń súni nígbà míì. Ṣùgbọ́n Olúwa ní ohun tí a ṣe fún àwọn tó kéré jù yìí, òun ni a ṣe é fún.

Mo gbà á ládùúrà pé a ò ní sin ọmọ tí oúnjẹ àti ìtọ́jú ì bá gbà là, lórúkọ Jésù. Ọlọ́run yóò fún wa ní ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹsẹ̀ tí kì í rẹ̀. Àmín.